Agbára Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Sínú Ọpọlọ Ọkọ̀

  Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fèrèsé sókè díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ mi dáadáa, torí ọkọ̀ tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ọmọ àdúgbò wa kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá bá mi gbọ́ ohùn ọkọ̀ yìí." Golf GTI ló rà, tokunbo tó gba Kútọnu wọlé. Ọkọ̀ náà mọ́ lójú, ó sì yára bí àṣá. Ó ní bí òun bá ti tẹ iná mọ́ ọn ní gíá kẹta, ariwo kan máa ń dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣaṣaṣa, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó ń mì ín. Lójú tirẹ̀, irin kan ló tú níbi páìpù èéfín. A jọ wà á jáde sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ tí mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Irin kankan kò tú. Epo ló ń bú gbàmù nínú ẹ́ńjìnnì lákòókò tí kò yẹ. Nígbà tí a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ náà, a rí i pé ẹnì kan ti tún ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ kọ kí wọ́n tó gbé e kúrò ní òkè òkun. Ẹni tó tà á kò sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tẹ iná mọ́ ọn mọ́ títí a ó fi dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, adùn eré ọkọ̀ náà kò jẹ́ kó gbọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló pè mí pé ihò ti dá sí pístìn kejì.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yẹn, remap ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Mi ò wá síbí láti bú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì ti jókòó nínú ọkọ̀ tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe é fún tí inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń tà á fún wa bí ẹni ń ta omi inú ọ̀rá, láìsọ ibi tí agbára yẹn ti wá.

Láyé Peugeot 504, ọwọ́ mẹkáníìkì ni gbogbo rẹ̀ wà. Yóò fi sukudiráfà yí kabúrétọ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì yí dísíríbútọ̀ sọ́tùn-ún sósì kí iná plọ́ọ̀gì lè bọ́ sákòókò. Etí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1979, ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé ẹ̀rọ Motronic jáde nínú BMW 732i. Àpótí kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ fún epo, òun náà ló sì ń pàṣẹ fún iná. Irú àpótí yẹn ni àwọn ará ọjà Ládípọ̀ ń pè ní brain box lónìí, tí àwọn olè sì ń tú lọ lára ọkọ̀ tí a bá gbé síta l'Ékòó.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì oní-pístìn mẹ́rin bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nígbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó sín tán, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àkókò tirẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kí pístìn tó dé òkè, torí epo máa ń gba àyè díẹ̀ kó tó jó kárí. Bó bá yá jù, yóò pàdé pístìn tó ṣì ń gòkè bọ̀, yóò sì gbá a lórí. Bó bá pẹ́ jù, agbára á bá èéfín jáde, ẹ ó kàn máa sun epo lásán.

Níbo ni brain box ti ń rí ìdáhùn tó yá tó bẹ́ẹ̀? Inú àtẹ ló ti ń wò ó. Ẹ rántí àtẹ ìsodipúpọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka kan sórí méje lókè, ẹ fi òmíràn sórí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìka méjèèjì bá ti pàdé, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni brain box ń ṣe. Lókè ni eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé wà, ibi tí wọ́n sì ti pàdé ni wọ́n kọ ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ sí. Àtẹ mìíràn wà fún epo tí nọ́sù yóò tú sílẹ̀, òmíràn fún ooru omi radíétọ̀, òmíràn fún ooru afẹ́fẹ́, òmíràn fún bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣe wúwo tó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ òde òní. Ònkà inú wọn ni remap ń pààrọ̀. Kò sí irin tuntun tó wọlé.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí agbára bá wà nínú ẹ́ńjìnnì, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò kúkú fún wa tán? Àwọn baba wa ló sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ Golf ní ìlú Wolfsburg ní Jámánì kò mọ ẹni tí yóò rà á. Ó lè jẹ́ ẹni tí ń pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò ní yẹ ọ́ìlì wò láti Kérésì dé Kérésì. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gun orí òkè oníyìnyín, òun náà ni yóò la aṣálẹ̀ kọjá. Epo gidi lónìí, epo burúkú lọ́la. Nítorí náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ burúkú. Àyè kejì sì wà, èyí tí ọjà fà. Ilé iṣẹ́ kan lè ta ẹ́ńjìnnì kan náà ní ìwọ̀n agbára méjì tàbí mẹ́ta, nítorí owó orí, àti kí ọkọ̀ olówó ńlá má baà pàdánù iyì rẹ̀ lójú èyí tó kéré sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ remap, àyè ti ọjà yìí ló máa ń jẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jẹ méjèèjì pọ̀, yóò gba owó yín, yóò sì máa lọ.

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí yẹ jù ni ọkọ̀ tó ní tọ́bò. Ẹni tó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé irin kì í pọ́n bí kò sí ewìrì. Tọ́bò ni ewìrì ọkọ̀. Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọmọ iṣẹ́ ló ń fẹ́ ewìrì; nínú ọkọ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn á sì máa yí èkejì rẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ló ń jẹ́ kí epo tó pọ̀ lè jó. Brain box ló ń pàṣẹ bí ewìrì náà yóò ṣe fẹ́ tó, ẹni tó bá sì yí àṣẹ yẹn padà ti dé ojú agbára. Golf GTI ìran keje, tó jáde lọ́dún 2013, ní agbára ẹṣin 220 àti agbára ìyí newton mita 350 nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi àtẹ nìkan gbé e dé nǹkan bí agbára ẹṣin 290. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn; ara yín á mọ̀ ọ́n, ọrùn yín náà á mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n Corolla àti Camry tí kò ní tọ́bò, tó kún gbogbo títì wa, kò ní ewìrì tí a lè pàṣẹ fún. Afẹ́fẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ wọlé ló ń lò. Èrè tó kù níbẹ̀ kéré débi pé ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ má ná owó yín sí i. Ẹ fi owó yẹn ra plọ́ọ̀gì gidi, ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ nọ́sù. Ẹ sì jìnnà sí ohun ìṣeré kékeré tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ní kí ẹ kì bọ ojú ihò tí mẹkáníìkì fi ń scan ọkọ̀ kí agbára lè pọ̀ sí i. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí nǹkan mìíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Nígbà kan, wọ́n á tú brain box, wọ́n á yọ ẹ̀yà kékeré kan kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fi òmíràn jó o mọ́ ibẹ̀. Lóde òní, ojú ihò tó wà lábẹ́ sítíárì, tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ di dandan fún ọkọ̀ láti ọdún 1996, ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà nínú brain box sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n á fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn pamọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí àtẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n á máa fọwọ́ kan àwọn ònkà. Brain box máa ń ro ònkà inú ara rẹ̀ pọ̀; bí àròpọ̀ náà kò bá bára mu, kò ní gbà kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún àròpọ̀ yẹn ṣe. Kí wọ́n tó dá a padà sínú ọkọ̀, wọ́n á so ẹ̀rọ tí ń dáàbò bo bátìrì mọ́ ọn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi o: bí bátìrì bá rọ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́, tàbí tí NẸ́PÀ mú iná lọ lójijì tí kò sì sí nǹkan tó gbà á, brain box lè di òkúta. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí èyí.

Kíkọ ọ́ padà sínú ọkọ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Oníṣẹ́ gidi á gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ tí táyà ń yí lé lórí, tàbí kó wà á lójú ọ̀nà kí kọ̀ǹpútà máa ṣe àkọsílẹ̀ ooru, epo àti iná, yóò sì padà wá tún ònkà ṣe. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú parí iṣẹ́ yín, fáìlì tí ẹlòmíràn ṣe fún ọkọ̀ mìíràn ní ìlú mìíràn ló dà sínú tiyín.

Mo padà sí ariwo òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ní ẹ́ńjìnnì ti "knock", ó ti kú nìyẹn. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ń fi pe ohùn tó ń ṣáájú ikú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ àti epo bá gbóná jù, tí wọ́n sì fún pọ̀ jù, wọn kì í dúró kí iná plọ́ọ̀gì ràn dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n á bú gbàmù fúnra wọn. Òòlù ni ìbúgbàmù yẹn lórí pístìn. Ọkọ̀ òde òní ní etí tó ń gbọ́ ọ, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Saab ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú etí yìí fún tọ́bò lọ́dún 1982: bí etí náà bá ti gbọ́ ohùn burúkú, kọ̀ǹpútà á dín ewìrì kù, ọkọ̀ á sì lè lo epo tí kò dára tó láìba ara rẹ̀ jẹ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, brain box á tún fa àkókò iná sẹ́yìn bí etí yẹn bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọṣẹ́ lè dín agbára etí yẹn kù nínú àtẹ kí agbára tó kọ sórí ìwé lè dára lójú oníbàárà. Ohun tí wọ́n ṣe sí Golf ọmọ àdúgbò wa nìyẹn. Wọ́n di ọkọ̀ náà létí.

Epo wá ńkọ́? Ònkà tí wọ́n fi ń mọ epo tó lè fara da ìfúnpọ̀ láìbú gbàmù ni octane. Ní ilé epo Jámánì, 95 ló wọ́pọ̀, 98 wà fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n tilẹ̀ ń ta 102. Ìlànà ti Nàìjíríà fún bẹntiróòlù jẹ́ 91. Ẹni tó ṣe àtẹ Golf rẹ̀ fún 98 ní Jámánì kò ṣẹ̀, epo tó wà níwájú rẹ̀ ló fi ṣe é. Àwa tí a ra ọkọ̀ náà tí a bu 91 sínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ sì rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ìlà gígùn gba iwájú gbogbo ilé epo. Irú ọjọ́ burúkú bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún nílé iṣẹ́.

Ooru tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá tì máa ń gbóná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tù ú kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ní òwúrọ̀ Jámánì tó tutù, ìyẹn kò ṣòro. Lórí afárá Third Mainland ní oṣù Kẹta, tí ọkọ̀ ń rákò, tí oòrùn ń jó kọ́ńkéré, kí la fẹ́ fi tù ú? A ti ń ná àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àtẹ.

Gíá náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí Volkswagen ń pè ní DQ200, tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì. Newton mita 250 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ti agbára tó ju bẹ́ẹ̀ lọ gba inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa rẹ́rìn-ín, gíá ni yóò máa sunkún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn kan máa ń fi remap pa catalyst, ìyẹn ohun ìfọ-èéfín, àti sẹ́ńsọ̀ èéfín lẹ́nu mọ́, kí wọ́n lè yọ catalyst tà, kí iná check engine má sì tàn. Brain box mọ bí a ti ń purọ́, àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí pé Volkswagen kọ ìlànà kan sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀: bó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò, èéfín á mọ́, bó bá dé títì, á padà sí ìwà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ kárí ayé ló ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ nínú. Lọ́dún 2020, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà náà sọ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn oníṣẹ́ ti yọ ohun ìfọ-èéfín kúrò lára ọkọ̀ akẹ́rù kékeré oní-dísẹ́ẹ̀lì tó lé ní 550,000. Èéfín yẹn kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju imú ọmọ tó ń ta gàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀n, òfin tiyín le. Bí ẹ bá ṣe remap, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín. Bí ẹ kò bá sọ, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá sì ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ sọ fún ẹni tí yóò wà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tokunbo tó ní tọ́bò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo iwájú dẹ́rẹ́bà. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí ẹni tó ń scan wò ó bóyá àyẹ̀wò tí brain box ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí ẹ bá bi í ní "Ọ̀gá, ṣé wọn ò tíì tún àtẹ ọkọ̀ yìí kọ?", tó bá kàn rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní tèmi, bí ọkọ̀ yín bá ní tọ́bò, tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò, tí ẹ sì rí oníṣẹ́ tí yóò ṣe é lórí epo 91 àti nínú ooru ìlú yìí, tí yóò fi etí ọkọ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ lè ṣe é. Ẹ gba agbára tó kéré sí èyí tí wọ́n ń polówó. Ẹ má sì san owó tó kù fún un títí yóò fi fún yín ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó kà jáde láti inú brain box yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Bí ariwo òkúta wẹ́wẹ́ bá dún lọ́jọ́ kan, fáìlì yẹn ni wọn yóò fi dá ọkọ̀ yín padà.